Àmì Etí Ewúrẹ́ Ìpáò

Monísọ́lá Bámgbóṣé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, opó, ọmọ bíbí Ìpáò-Èkìtì, dìde ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá ọdún 2025, níwájú àwọn olùwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn mọ́kànlá ní Ìkọ̀lé, ó sì sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí òun ti ń bá wọn ṣe láti ọdún kan àti ààbọ̀ ti wọ́ láti ìpìlẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló jẹ́ kó wọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń lọ sára fáìlì kan lórí tábìlì. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì náà. Wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹni tí kò bá mọ Monísọ́lá lè má mọ ohun tí ìwé kan ṣoṣo jẹ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé girama ló ti ń bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó fún un níwèé rí. Nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, òun ni wọ́n yàn ní Ìpáò láti máa ti ilé dé ilé ka àwọn tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀, láyé ìgbà tí sòbìà ṣì ń so àgbẹ̀ mọ́lé lásìkò iṣẹ́ oko. Ìwé kékeré kan àti báírò ni wọ́n fún un. Lẹ́yìn náà, ó lo ọdún mọ́kàndínlógún ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ó ń gbálẹ̀, ó ń se abẹ́rẹ́, ó ń gbé ọmọ ọwọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá ka àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí kálukú mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wá. Monísọ́lá kò ní. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó dá a padà fún wọn, ó sì lọ sílé. Ọkọ rẹ̀, tó ń dáko kòkó, kú ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Èkó. Ohun tó kù fún un nílé ni oko ẹ̀gẹ́ àti ewúrẹ́ mẹ́fà.

Ewúrẹ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí. Ní Ìpáò, ilé tí kò ní ewúrẹ́ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo iṣu, wọ́n ń jẹ koríko ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n sì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti wọlé dáadáa, ikú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ àárín wọn. Ẹran á máa yàgbẹ́ gbuuru, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á wú, kò ní lè dìde mọ́, bó bá sì di ọjọ́ kẹta, á kú. Àrùn òjò ni àwọn ará ìlú ń pè é. Wọ́n gbà pé bí òjò ṣe ń kó ẹ̀fọ́ wá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń kó ìyẹn wá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, oníṣègùn ẹran kan dé láti Ìkọ̀lé, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní yàrá àyẹ̀wò. Akínkúnmi Ọládiípọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn, tó ń fi iṣẹ́ náà wá oyè ọ̀mọ̀wé. Ó pe àwọn ará ìlú jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ Áńgílíkà, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé aràn ló ń pa ẹran wọn. Aràn náà tín-ín-rín bí òwú, inú àpòlúkù ẹran ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Ẹyin rẹ̀ ń bá imí jáde, ó ń pa sórí ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń gun orí koríko tí ẹran mìíràn yóò jẹ. Ohun tí òun fẹ́ wádìí ni bóyá oògùn aràn kan tó wà lọ́jà lè gba ẹran àdúgbò náà sílẹ̀. Bó bá lè gbà wọ́n, àjọ kan ti ṣe tán láti máa pín in ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́ àti ní Ìdó.

Ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Akínkúnmi ń wá, ewúrẹ́ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Méjì yóò ní àmì rọ́bà pupa létí, wọn yóò sì máa gba oògùn lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Méjì yóò ní àmì funfun, wọn kò ní gba nǹkan kan títí iṣẹ́ yóò fi parí, àfi bí àìsàn bá dá wọn wó. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín pupa àti funfun ni yóò sọ ohun tí oògùn náà lè ṣe.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ títí ó fi mú àmì rọ́bà náà jáde. Bàbá Samson, àgbà àgbẹ̀ kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò náà, nawọ́ sókè.

"Dókítà, gbọ́ mi. Ní ùlú yìí, ẹni tó bá ti fi àmì sí etí ẹran ló ni ín. Ulé tiwa, ṣóńṣó etí òsì la máa ń gé. Ulé Màmá Joy, etí ọ̀tún ni wọ́n ń là sí méjì. Ìwọ wá fẹ́ lu etí ẹran mi, kí o fi rọ́bà sí i. Ó ti di tìrẹ nù-un."

"Rárá o, Bàbá. Ẹran yín ni. Nọ́ńbà lásán ni, ká lè máa dá wọn mọ̀."

"Èmi ti ń dá ẹran mi mọ̀ kí wọ́n tó bí ọ."

Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ti ń fẹsẹ̀ wá sálúbàtà wọn lábẹ́ àga. Monísọ́lá, tí wọ́n kàn ní kó wá pín omi fún àlejò, rí i pé òógùn ti bo ojú ọmọkùnrin náà, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó tún rántí ewúrẹ́ òun fúnra rẹ̀ méjì tó kú lọ́dún tó kọjá. Ó gbé ike omi sílẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ló le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ sáà mú un bí àgbàsìn. Ṣé ẹran àgbàsìn kì í ní àmì ẹlòmíràn létí ni? Ṣé ìyẹn ní kó má sùn nínú ulé yín?"

Bàbá Samson wò ó. Ó tún wo Akínkúnmi. "Àgbàsìn?"

"Àgbàsìn ni, Bàbá."

"Dókítà, ṣé bí Monísọ́lá ṣe wí nù-un?"

Akínkúnmi, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé rẹ̀, mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí Màmá ṣe wí gẹ́lẹ́ ni."

"O ò bá ti wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀," ni Bàbá Samson wí, ó sì jókòó.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ní abo ewúrẹ́ tí kò ráyè sìn ín a máa gbé e fún ẹlòmíràn. Ọmọ tí ẹran náà bá kọ́kọ́ bí jẹ́ ti ẹni tó ni ín, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì máa pín in lọ. Bí ẹran náà bá kú, ẹni tó ń sìn ín yóò gé etí rẹ̀, yóò gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, kí ìyẹn lè rí àmì rẹ̀ kó sì mọ̀ pé wọn kò tà á. Àgbàsìn nìyẹn. Kò sí ìwé nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìṣọ́ra fi pọ̀ níbẹ̀. Ẹran ẹni kú, a dákẹ́; ẹran ẹlẹ́ran kú, a ó rojọ́. Ohun tí Monísọ́lá ní lọ́kàn kò ju pé kí àwọn èèyàn fara da àmì àjèjì létí ẹran wọn. Àwọn èèyàn gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́ tẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá.

Akínkúnmi mú Monísọ́lá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, bí oòrùn bá ti gòkè, yóò yí ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ká. Àwọn onílé á ti so ẹran alámì mọ́ ẹnu ọ̀nà dè é. Yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò fi ìka fa imí láti ìdí ẹran, yóò dà á sínú ọ̀rá, yóò kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà tó ní yìnyín. Ìlú kò jẹ́ kó simi. Ìyá Onímí ni wọ́n sọ ọ́. Ayọ̀wálé, ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ sí Ìkọ̀lé, ló burú jù nínú wọn.

"Màmá, kí lẹ gbé sínú kúlà lónìí? Ṣé mínírà ni?"

"Mínírà ni. Ṣí i, kí o mu ún."

"Èmi kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tó ń mu ún."

"Máa wo iwájú rẹ, aláṣejù. Bí kúlà yìí bá ṣubú, ìwọ lo máa ṣà á."

Ní yàrá àyẹ̀wò, Akínkúnmi jẹ́ kó wo inú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó rí ẹyin aràn, wọ́n gùn díẹ̀, wọ́n yí díẹ̀, bí ẹ̀pà tí a ti bó. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti ń bá a kà wọ́n. Ó kọ́ bí a ṣe ń fa ìpéǹpéjú ẹran sílẹ̀. Bó bá pọ́n, ara ẹran le. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ ti tán. Kí ọdún náà tó parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́rànmí Adéṣọlá, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní bí wọ́n bá ti gbé àbájáde iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún tó ń bọ̀, wọn yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá.

"Níwèé, ma?"

"Níwèé, Màmá Bámgbóṣé. Pẹ̀lú òǹtẹ̀."

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìpáò. Ó kàn lọ ra fírémù kan lọ́jà Ìkọ̀lé, ó sì fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Akínkúnmi kó gbogbo iye tí wọ́n ti kà jọ. Ti pupa kéré. Ti funfun náà kéré. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bákan náà ló rí.

"Màmá, ó jọ pé aràn kò pọ̀ ní Ìpáò bí a ṣe rò. Ẹran tí kò gba oògùn kò ní aràn ju èyí tó gbà á lọ."

"Kí lẹ máa wá kọ, Dókítà?"

"Ohun tí mo rí náà ni. Pé àgbègbè yìí kò nílò oògùn náà. Kí àjọ yẹn gbé e lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Monísọ́lá nínú. Nínú oṣù Keje nìkan, ewúrẹ́ mẹ́ta kú nílé Màmá Joy, abẹ́ àgbọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wú. Ṣùgbọ́n kò sí àmì létí ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà wọn kò sí nínú ìwé. Ó gbà pé Dókítà mọ ohun tó ń sọ.

Asẹ́ gàrí ló gbé e dé ilé Màmá Joy láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹwàá. Ó yá a, ó fẹ́ dá a padà kí onítọ̀hún tó lọ sóko. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo koríko sì tutù. Ewúrẹ́ márùn-ún ti wà nínú koríko lẹ́yìn ilé, wọ́n ń jẹ. Àwọn mẹ́rin alámì kò sí láàárín wọn. Ó bá wọn nínú ọgbà onípákó kan tí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀, tí imí ń gba àlàfo pákó bọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n so ewé ìyeyè mọ́ igi lókè orí wọn, wọ́n ń nà sókè jẹ ẹ́. Ara wọn ń dán.

"Màmá Joy, kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí kò tíì jáde?"

Màmá Joy, obìnrin kan tí òun àti Monísọ́lá jọ dàgbà, rẹ́rìn-ín. "Jáde lọ jẹ ìrì? Ẹran ẹlẹ́ran?"

"Àwọn tó wà nínú koríko yẹn ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn."

"Ṣé ìrì mọ tìrẹ yàtọ̀ ni?"

"Monísọ́lá, má bá mi ṣẹjọ́ láàárọ̀. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nù-un. Ẹran àgbàsìn kì í jẹ ìrì, kì í jẹ koríko ilẹ̀, ewé orí igi la ń já fún un. Bó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn ará Ìkọ̀lé?" Ó nawọ́ sí ọ̀dọ́ abo ewúrẹ́ dúdú kan tó so àkísà pupa mọ́ lọ́rùn. "Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé tilẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú ìpín yín? Ọmọ àkọ́bí rè é. Ó ti ń gbó lọ́wọ́ mi."

Monísọ́lá jókòó sórí odó tó dùbúlẹ̀ lágbàlá. Akínkúnmi ti ṣàlàyé fún un rí bí ọmọ aràn ṣe ń bá omi ara koríko gòkè láàárọ̀, tó sì ń padà sísàlẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ohun tí ìyá Màmá Joy ti ń sọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé awò dé Ìkọ̀lé nìyẹn. Oògùn nìkan ni wọ́n rò pé yóò fa ìyàtọ̀ láàárín pupa àti funfun. Pupa àti funfun sì ti ń jẹ ewé ìyeyè lókè pákó láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn kò jẹ aràn tó pọ̀ tí oògùn lè lé.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta láti yí àwọn ilé yòókù ká ní ìdájí. Nínú ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́tàlá ni wọ́n ti ń ṣe ohun kan náà. Bàbá Samson tilẹ̀ gun àga, ó nawọ́ sí òkè ààrò, ó sì mú ohun dúdú gbígbẹ kan wá. Etí ewúrẹ́ ni, àmì rọ́bà ṣì wà lára rẹ̀, èéfín ti sọ funfun rẹ̀ di dúdú.

"Ẹ̀rí rè é. Nọ́ńbà kejìlélógójì, èyí tí mọ́tò pa ní ọjọ́sí. Mo ti ń retí kí ẹnì kan wá bèèrè etí rẹ̀. Bá mi gbé e fún Dókítà. Wí fún un pé Bàbá Samson kò ta ẹran rẹ̀ o."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dì í sínú ọ̀rá.

Ó ku oṣù kan kí wọ́n gbé àbájáde kalẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, iye tí Akínkúnmi kà yóò dúró bó ṣe wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò gba ẹni tó ba iṣẹ́ wọn jẹ́ síṣẹ́? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó jẹ́ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ní ọdún 1991, baálé ilé kan bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ọmọbìnrin òun sínú ìwé sòbìà, nítorí pé ìdána ọmọ náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Monísọ́lá jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ó gbà. Òfo ni wọ́n kọ fún àdúgbò náà lóṣù yẹn, àwọn tó ń pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ sòbìà kúrò nínú omi mímu sì kọjá lọ sí ìlú mìíràn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èèyàn méje ni sòbìà so mọ́lẹ̀ nínú agbo ilé náà. Baálé ilé yẹn wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó bá Monísọ́lá wí, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, ó ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó fa imí àwọn ewúrẹ́ tí kò ní àmì, méjì-méjì nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ onílé sára ọ̀rá. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó gbé kúlà lọ sí Ìkọ̀lé.

Akínkúnmi gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.

"Màmá, kí ni mo sọ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn?"

"Ẹ ní bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́ ni."

"Mi ò mọ ohun tí ẹ wí."

"Mo ti mọ̀ báyìí pé ẹ ò mọ̀."

Ó dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé. "Ọdún kan àti ààbọ̀, Màmá. Ìyàwó mi ti ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá gboyè." Nígbà tó yíjú padà, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Bí a bá dákẹ́ ńkọ́? Iye tí a kà, òótọ́ ni. A ò purọ́. Ẹ̀yin á gba ìwé yín, èmi náà á gba tèmi."

"Oògùn ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn."

"Òjò á sì tún rọ̀ ní Ìpáò."

Monísọ́lá ti kúlà náà sí iwájú rẹ̀. "Ẹ ka ìwọ̀nyí ná, Dókítà. Ẹran tí kò lámì ni wọ́n. Bí wọn ò bá láràn, mo máa panu mi mọ́, mi ò tún ní dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́."

Wọ́n jọ kà á. Nígbà tí Akínkúnmi kà dé ọ̀rá kẹrin, ó gbé orí kúrò lára awò, ó sì pa ojú rẹ̀ dé. Ẹyin tó wà nínú rẹ̀ fi ìlọ́po ogún ju ti ẹran funfun inú ilé kan náà lọ. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó ń sìn ín jáde lọ wọ ọ̀kadà, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún wọn o, Màmá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa pè é."

Bó ṣe dé iwájú àwọn mọ́kànlá nìyẹn. Ó sọ ohun tí àgbàsìn jẹ́, ó sọ ti ìrì, ó sọ ti ewé ìyeyè, ó sì gbé etí nọ́ńbà kejìlélógójì sórí tábìlì. Ọkùnrin kan lára wọn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé wọ́n tọ́jú ẹran náà nítorí pé wọ́n rò pé tiwa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká ní wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni ńkọ́?"

"Wọn ì bá jẹ́ kó máa jẹ ìrì, sà, bí àwọn yòókù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá. Ó bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní àgbàsìn.

"Èmi ni, ma," ni Monísọ́lá dáhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa fáìlì náà mọ́ra, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa á dé. "Mi ò lè fọwọ́ sí i lónìí, Màmá Bámgbóṣé. Ìwé yìí sọ pé iṣẹ́ ti parí, iṣẹ́ kò sì tíì parí." Ó yíjú sí Akínkúnmi, ó ní kó má kọ ohun tó fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀, kó sì mọ̀ pé ọ̀rá ọgbọ̀n tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan kò tíì tó ìwádìí. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní Òmù-Èkìtì. Wọn yóò ka ẹran alámì àti ẹran aláìlámì, èyí tó ń jẹ ìrì àti èyí tí wọ́n so títí ìrì fi gbẹ. Oyè Akínkúnmi yóò pẹ́ sí i ní ọdún kan. Ó tún wo Monísọ́lá. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún àwọn ará Òmù ohun tí àmì náà jẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ yé, ká wá sọ̀rọ̀ ìwé."

Kó tó di ìyẹn, Ìpáò ṣì wà ńlẹ̀. Akínkúnmi ní òun yóò bá Monísọ́lá lọ, ìyẹn ní rárá, ọ̀rọ̀ ulé ni. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó pe àwọn onílé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sí gbọ̀ngàn kan náà. Ó sọ fún wọn pé ẹran náà kì í ṣe àgbàsìn, kò fìgbà kan jẹ́ àgbàsìn, pé tiwọn ni, tọmọ-tìyá, àti pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gba ìpín. Ó ní òun ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí wọ́n má bínú.

Bàbá Samson ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń gun igi já ewé fún ẹran ara mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi, ní ọjọ́ orí mi yìí?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì gba gbogbo ilé. Ẹnì kan ní kí Bàbá Samson gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́. Òmíràn ní etí tó fi èéfín yan yẹn, kó lọ fi se ọbẹ̀. Bàbá Samson bú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, kí òun náà tó rẹ́rìn-ín.

Màmá Joy kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí àwọn èèyàn fi ń jáde, ó sì wá bá Monísọ́lá.

"Mẹ́ta tó kú nínú oṣù Keje yẹn. Inú ọgbà kan náà ni wọn ì bá wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àyè wà níbẹ̀. Mo kàn wò ó pé tèmi ni, kò sẹ́ni tó máa bi mí." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú. "Bó ṣe jẹ́ tèmi náà ni gbogbo wọn báyìí, ṣé kí n kúkú tú wọn sílẹ̀?"

"Tú wọn sílẹ̀ bí ìrì bá ti gbẹ. Gbogbo wọn."

"Ta ló máa já ewé tó máa tó ẹran mẹ́wàá?"

"Mi ò mọ̀, Màmá Joy. Èyí tó bá tó ni kí o já."

Màmá Joy kò sọ pé òun yóò ṣe é, kò sì sọ pé òun kò ní ṣe é. Láti ọjọ́ náà, nínú ilé mẹ́tàlá tó ń so ẹran alámì títí ìrì fi ń gbẹ, mẹ́fà ti ń so gbogbo ẹran wọn. Mẹ́rin ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlẹ́ran tí yóò bá wọn rojọ́ mọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù kò tíì pinnu. Monísọ́lá ń kọ ọ́ sínú ìwé láràárọ̀, bó ṣe rí gan-an.

Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó ń bá wọn ṣe yóò parí ní ọjọ́ tí oṣù Kọkànlá bá parí, kò sì tíì sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò lọ sí Òmù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, òun àti Akínkúnmi yóò pàdé àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ní Òmù-Èkìtì, ní gbọ̀ngàn ìlú. Ogún ilé ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Monísọ́lá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó mú àmì kankan jáde.